Andrés Aguiar, Ọmọ Ẹrú Montevideo Tí Ó Kú fún Róòmù

Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 1849, àwọn jagunjagun méjì kú ní ìlú Róòmù nínú ogun kan náà, lábẹ́ àsíá kan náà. Ọ̀kan ni Luciano Manara, ọmọ ilé olówó ní Milan, ẹni ọdún 24, tí ìbọn bà ní Villa Spada. Èkejì ni Andrés Aguiar, ọmọ ilẹ̀ Uruguay, tí àwọn ará Ítálì ń pè ní Andrea Aguyar, ènìyàn dúdú tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ẹrú ní ìlú Montevideo. Àfọ́kù ọta àgbá ni ó pa òun ní àdúgbò Trastevere. Manara ní ọ̀rẹ́ tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé kí ọdún náà tó parí, ó sì ní òpópó tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Trastevere gan-an. Ní ti Aguiar, ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé fi sílẹ̀ nípa rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: pé ìránṣẹ́ dúdú kan wà tí ń tẹ̀ lé Garibaldi. Yorùbá ti wí i tipẹ́ pé ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà “ìránṣẹ́” kò tọ́, kò sì tó. Kò tọ́, nítorí pé ipò lẹ́fútẹ́náǹtì ni Aguiar wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Garibaldi nígbà tí ó kú. Ọ̀gá ni láàrin àwọn ọmọ ogun, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Kò tó, nítorí pé kò dáhùn ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí kọ́kọ́ bèèrè: kí ni ọmọ ẹrú láti etí odò Río de la Plata wá ṣe lórí odi Róòmù? Òkun ńlá ni ó wà láàrin ìlú méjèèjì. Kò ní ilẹ̀ tí yóò jogún ní Ítálì, kò ní ìbátan níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fi okùn fà á wọ ọkọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí ní láti kọ́kọ́ lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, kí ó wo ohun tí àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀ rí nínú ọ̀rọ̀ ìjọba olómìnira, èyíinì ni ìjọba tí kò ní ọba, tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ń yan àwọn tí yóò ṣe olórí wọn.

Giuseppe Garibaldi ni ẹni tí ìtàn yìí kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Ìlú Nice ni wọ́n ti bí i ní 1807. Atukọ̀ ni baba rẹ̀, atukọ̀ ni òun náà. Ní 1834 ó lọ́wọ́ nínú ọ̀tẹ̀ tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Mazzini dì ní Genoa. Ọ̀tẹ̀ náà já sí asán, Garibaldi sá lọ, ilé ẹjọ́ ológun sì dá a lẹ́bi ikú lẹ́yìn rẹ̀. Bràsíìlì ni ó forí lé. Ní àkókò yẹn, ìhà gúúsù ilẹ̀ náà tí ń jẹ́ Rio Grande do Sul ti ya ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọba Bràsíìlì, ó sì ti kéde pé ìjọba olómìnira ni òun. Garibaldi gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn, ó di ajagun ojú omi. Ọkọ̀ kékeré àkọ́kọ́ tí ó fi jà, Mazzini ni ó sọ ọ́. Nínú ogun náà ni ó ti kọ́ ìjà orí ẹṣin, nínú rẹ̀ ni ó ti pàdé Anita tí ó di aya rẹ̀, nínú rẹ̀ náà ni ó sì ti rí àwọn ẹlẹ́ṣin dúdú lójú ogun, tí ó wá yìn gidigidi nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀.

Lanceiros Negros ni wọ́n ń pe àwọn ẹlẹ́ṣin wọ̀nyí, èyíinì ni àwọn dúdú ọlọ́kọ̀. Ẹrú ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn olórí ọ̀tẹ̀ Rio Grande, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ olówó màlúù tí àwọn náà ní ẹrú, ṣe ìlérí fún wọn pé ẹni tí ó bá bá àwọn jà yóò di òmìnira. Wọ́n sì jà. Ọ̀kọ̀ tiwọn gùn ju ti àwọn ẹlẹ́ṣin yòókù lọ, wọ́n mọ ẹṣin í kọ́, wọn kì í sì í béèrè ìdásí lọ́wọ́ ọ̀tá.

Ó yẹ kí Yorùbá fi etí sí ọ̀rọ̀ Rio Grande yìí. Oṣù kẹsàn-án, 1835 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún kan náà ni àwọn Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nagô ní Bràsíìlì, dìde ní ìlú Salvador ní Bahia láti gba ara wọn sílẹ̀. Nígbà tí ìdìde náà wó, wọ́n ta ọ̀pọ̀ nínú àwọn Nagô jáde kúrò ní Bahia sí ìhà gúúsù, àwọn kan sì dé Rio Grande do Sul. Èyí kò sọ Aguiar di ọmọ Yorùbá o. Kò sí ẹ̀rí kan fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti fi ipá mú un wọ agbo ilé Odùduwà kí ìtàn rẹ̀ tó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ilẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì pátápátá.

Òpin ìlérí Rio Grande burú. Ní kùtùkùtù ọjọ́ 14, oṣù kọkànlá, 1844, nígbà tí wọ́n ti ń bá ọba Bràsíìlì sọ̀rọ̀ àlàáfíà, àwọn ọmọ ogun ọba ya bo ibùdó ọ̀gágun David Canabarro ní Porongos, wọ́n sì pa àwọn ọmọ ogun dúdú ní ìpakúpa. Ẹ̀sùn tí kò tíì tán nílẹ̀ títí di òní ni pé wọ́n ti gba ọta ìbọn lọ́wọ́ àwọn ènìyàn dúdú wọ̀nyí kí ọ̀tá tó dé, àti pé Canabarro ti bá ọ̀tá ṣe àdéhùn, kí ọ̀rọ̀ òmìnira wọn má baà di ẹrù sí ọ̀nà àlàáfíà. Àwọn òpìtàn kan gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní ayédèrú ni ìwé tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí i. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ní oṣù kẹta, 1845 wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, àwọn olówó màlúù padà sí oko wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe ìlérí fún sì ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Garibaldi kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti kúrò láti 1841, ó ti lọ sí Montevideo.

Ní Montevideo, ogun ni ó sọ ẹrú di ọmọ, àìní ni ó sì bí òfin. Manuel Oribe, tí Juan Manuel de Rosas alágbára Buenos Aires wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Montevideo ní Arroyo Grande ní ọjọ́ 6, oṣù kejìlá, 1842. Ọ̀nà ìlú ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú ọ̀tá. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12, ìjọba Montevideo ṣe òfin pé kò sí ẹrú mọ́ ní ilẹ̀ Uruguay. Ẹni tí ó bá ka òfin náà dé ìsàlẹ̀ yóò rí i pé àwọn ọkùnrin tí ara wọn le ni wọ́n kó lọ sí ojú ogun lójú ẹsẹ̀, tí àwọn obìnrin àti ọmọdé sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni wọ́n tẹ́lẹ̀, lábẹ́ orúkọ pé wọ́n ń tọ́jú wọn. Òmìnira tí ó gba ẹnu ìbọn wá ni. Síbẹ̀ ó sàn ju ti Rio Grande lọ, nítorí pé òfin ni, tí a kọ, tí a tẹ̀, tí a kéde. Kì í ṣe ìlérí ẹnu tí olówó lè gbé mì nígbà tí ewu bá kọjá. Ní oṣù kejì, 1843, Oribe dó ti ìlú náà, kò sì kúrò títí di 1851. Àwọn ẹrú àná wà lára àwọn tí ó di ìlú mú fún un.

Ìlú tí ọ̀tá dó tì yìí kún fún àjèjì: àwọn ará Faransé, àwọn Basque, àwọn ará Ítálì tí wọ́n sá fún ọba wọn tàbí fún ebi. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá ọmọ ogun tirẹ̀ sílẹ̀. Ti àwọn ará Ítálì, 1843 ni wọ́n dá a, Garibaldi sì ni olórí rẹ̀. Aṣọ wọn ni ó di olókìkí káàkiri ayé lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọjà ni ó sọ wọ́n di aláṣọ pupa. Oníṣòwò kan ní ẹ̀wù pupa nílẹ̀ tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn alápatà Buenos Aires, èyí tí ẹ̀jẹ̀ kò ní hàn lára rẹ̀. Ogun dí ọ̀nà, ọjà kò tà, ìjọba rà á ní pọ̀ọ́kú fún ẹgbẹ́ Ítálì. Nínú ẹ̀wù alápatà yìí ni wọ́n fi jà ní San Antonio lẹ́bàá ìlú Salto ní ọjọ́ 8, oṣù kejì, 1846, tí wọn kò tó 200, tí ọ̀tá sì pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìlọ́po púpọ̀; wọ́n fi gbogbo ọjọ́ jà nínú oòrùn, nígbà tí ilẹ̀ ṣú wọ́n gbé àwọn tí ó fara gbọgbẹ́, wọ́n sì rìn padà sí Salto.

Ìlú tí irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀ ni Aguiar ti bá Garibaldi dá ẹgbẹ́ pọ̀. Kò sí ìyanu nínú èyí. Ọmọ ẹrú ni, òfin Montevideo ni ó mú ẹrú kúrò lọ́rùn irú rẹ̀, Oribe tí ó wà lẹ́yìn odi sì ni ẹni tí òfin náà ń bẹ̀rù. Kí Montevideo má ṣubú, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni. Ohun tí ó ya ènìyàn lẹ́nu ni èyí tí ó tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹrin, 1848, ọkọ̀ ojú omi kan ṣí kúrò ní Montevideo. Speranza ni orúkọ rẹ̀, èyí tí í ṣe Ìrètí ní èdè Ítálì. Garibaldi wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin 63, Aguiar sì wà láàrin wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwọn yòókù ni wọ́n ń padà sí ilé baba wọn. Òun nìkan ni ó dà bí ẹni tí ń lọ sí ìdálẹ̀. Ogun ìlú rẹ̀ kò tíì parí, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé iṣẹ́ ni ó wọ́n ọn. Ó yàn án ni. Ẹrú kì í yan ibi tí yóò kú sí. Ọ̀nà tí ọkùnrin yìí gbà fi hàn pé ọmọ ni òun ni pé ó yan tirẹ̀. Ẹni tí ó bá sì pè é ní ìránṣẹ́ ti gba yíyàn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n gúnlẹ̀ sí Nice ní oṣù kẹfà. Ogun tí wọ́n bá ní àríwá Ítálì láti lé àwọn ará Austria jáde kò pẹ́ kò jìnnà. Ọba Piedmont bẹ̀bẹ̀ fún ìdáwọ́dúró, Garibaldi jà díẹ̀ sí i ní Luino àti Morazzone ní oṣù kẹjọ, ó sì sá wọ ilẹ̀ Switzerland. Róòmù ni ọ̀rọ̀ wà.

Póòpù Pius kẹsàn-án ni ó ń jọba lórí Róòmù nígbà náà, ọba ayé ni gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ olórí ẹ̀sìn. Ní oṣù kọkànlá, 1848, wọ́n gún Pellegrino Rossi, olórí ìjọba rẹ̀, lọ́bẹ pa. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, Póòpù sì sá lọ sí Gaeta lábẹ́ ààbò ọba Naples. Àwọn ará ìlú dìbò, ilé ìgbìmọ̀ jókòó, ní ọjọ́ 9, oṣù kejì, 1849 wọ́n sì kéde pé ìjọba olómìnira ni Róòmù dà. Mazzini fúnra rẹ̀ wá, ó di ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí ó ń darí ìlú. Póòpù ké sí àwọn ọba onígbàgbọ́ pé kí wọ́n gba òun. Austria dáhùn, Naples dáhùn, Sípéènì dáhùn.

Ẹni tí ó yọ idà jù lọ kì í sì í ṣe ọba rárá. Ìjọba olómìnira ni Faransé jẹ́ ní ọdún náà. Òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1848 sọ ọ́ kedere pé Faransé kò ní fi agbára ogun rẹ̀ dojú kọ òmìnira orílẹ̀-èdè kankan. Ìjọba kan náà yìí ni ó ṣe òfin, ní ọjọ́ 27, oṣù kẹrin, 1848, pé kò sí ẹrú mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń jọba lé lórí. Ní òpin oṣù kẹrin, 1849, ìjọba yìí kó ọmọ ogun rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Civitavecchia, lábẹ́ ọ̀gágun Oudinot, láti lọ dá Póòpù padà sórí ìtẹ́. Ọjọ́ 27, oṣù kẹrin náà, tí ó pé ọdún kan géérégé tí Faransé dá àwọn ẹrú rẹ̀ sílẹ̀, ni Garibaldi wọ Róòmù pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ọmọ ẹrú Montevideo sì wà lórí ẹṣin lẹ́bàá rẹ̀ láti wá dojú ìjà kọ Faransé. Ọ̀rọ̀ òmìnira dùn lẹ́nu. Ibi tí ó ti ń nira ni ẹnu ọ̀nà ilé ẹlòmíràn.

Àwọn ará Róòmù kò gbàgbé bí wọ́n ti rí àwọn méjèèjì. Garibaldi wà lórí ẹṣin funfun, Aguiar lórí ẹṣin dúdú. Ènìyàn gíga, alágbára ni, ó fi aṣọ ìbora bí ti àwọn darandaran Uruguay bora, ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ pupa lẹ́nu rẹ̀, okùn olójóbó tí àwọn darandaran fi ń mú màlúù sì so mọ́ gàárì rẹ̀. “Moro” ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí wọ́n ń pe ènìyàn dúdú. Ayàwòrán ará Lọ́ńdọ̀nù kan, George Housman Thomas, tí ó wà ní Róòmù nígbà náà, ya òun àti Garibaldi papọ̀ fún ìwé ìròyìn Illustrated London News. Nípa bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ kọjá òkun lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Báwo ni ó ti wá di ìránṣẹ́ lábẹ́ kálámù àwọn tí ó kọ̀wé? Wọ́n rí i pé òun ni ó ń pàgọ́ fún Garibaldi: yóò ri ọ̀kọ̀ rẹ̀ àti idà ọ̀gá mọ́lẹ̀, yóò ta aṣọ ìbora lé wọn lórí, ibùsùn ọ̀gágun dé nìyẹn. Wọ́n rí i pé kì í jìnnà sí i. Wọ́n rí i pé dúdú ni. Wọ́n ro ó pọ̀, wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó rí ẹgbẹ́ Garibaldi kọ ọ́ pẹ̀lú pé àwọn ọ̀gá tí ó ti Amẹ́ríkà wá ni wọ́n ń tú gàárì ẹṣin ara wọn fúnra wọn, àwọn náà ni wọ́n ń fi okùn olójóbó mú ẹran tí gbogbo ẹgbẹ́ yóò jẹ lálẹ́, tí wọ́n á pa á, tí wọ́n á pín in. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé ní pápá Uruguay, níbi tí ọ̀gá àti ọmọ ẹ̀yìn ti ń jẹ ẹran lórí iná kan náà. Kò sí ẹni tí ó pe àwọn òyìnbó tí ó ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí ní ìránṣẹ́. Iṣẹ́ kan náà, orúkọ méjì. Àwọ̀ ara ni ó pín in. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ̀gágun lójú ogun tí kì í fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, Yorùbá kò ní pè é ní ọmọ ọ̀dọ̀.

Ogun Velletri jẹ́ ẹ̀rí. Àwọn Faransé ti kọ́kọ́ kọlu Róòmù ní ọjọ́ 30, oṣù kẹrin. Wọ́n rò pé àwọn ará Ítálì kò lè jà, wọ́n sì sá padà, tí a mú ọmọ ogun wọn tí ó lé ní 300 ní ìgbèkùn. Oudinot wá tọrọ ìdáwọ́dúró. Nígbà tí ọ̀nà náà dákẹ́, Garibaldi yí padà sí àwọn ọmọ ogun ọba Naples, ó bá wọn jà ní Palestrina ní ọjọ́ 9, oṣù karùn-ún, ó sì tún pàdé wọn lẹ́bàá Velletri ní ọjọ́ 19. Níbẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́ṣin Masina, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ lórí ẹṣin tí kò tíì mọ ogun, fi sáré kọlu ọ̀tá, tí ọ̀tá sì tì wọ́n padà ní ìdàrúdàpọ̀. Ọ̀nà tóóró ni, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ga. Garibaldi àti Aguiar fi ẹṣin dábùú ọ̀nà láti dá àwọn tí ń sá dúró. Kò ṣeé dá dúró. Ẹṣin wọn gbá wọn ṣubú, àwọn ènìyàn tiwọn gba orí wọn kọjá, wọ́n sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú ìpalára nígbà tí idà àwọn ẹlẹ́ṣin ọ̀tá ti sún mọ́ tòsí. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọdékùnrin kan tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn lu ọ̀tá tí ó fi yí padà. Garibaldi kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé rẹ̀, ó sì dárúkọ Aguiar níbẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó kù kí àwọn méjèèjì kú sí ibi kan náà, kí ó sì jẹ́ pé ìtàn Ítálì yóò gba ọ̀nà mìíràn.

Nígbà tí wọn ó fi padà sí Róòmù, Faransé ti kó ọmọ ogun púpọ̀ sí i wá, iye wọn sì súnmọ́ 30,000. Oudinot fi ìwé ránṣẹ́ pé òun kò ní kọlu ìlú ṣáájú ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4, oṣù kẹfà. Ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3, ó kọlu ilé gíga Villa Corsini tí ó wà lẹ́yìn odi lórí òkè Janiculum, ó sì gbà á. Ó ní ìlú nìkan ni òun dárúkọ, òun kò dárúkọ ohun tí ó wà lẹ́yìn odi. Gbogbo ọjọ́ Àìkú náà ni Garibaldi fi ń rán àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gun ọ̀nà kan ṣoṣo lọ sí Villa Corsini láti gbà á padà. Wọ́n gbà á, wọ́n tún pàdánù rẹ̀, léraléra. Masina kú níbẹ̀. Goffredo Mameli, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kọ orin tí ó di orin orílẹ̀-èdè Ítálì, fara gbọgbẹ́ lẹ́sẹ̀, ọgbẹ́ náà sì pa á ní oṣù keje. Àwọn tí ó mọ ogun ti dá Garibaldi lẹ́bi láti ìgbà náà pé díẹ̀díẹ̀ ni ó ń rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ẹnu ikú, kò kó wọn jọ. Ẹ̀bi náà tọ́ sí i.

Láti ọjọ́ náà, àgbá kò dákẹ́ mọ́. Ní òru ọjọ́ 21 sí 22, àwọn Faransé gun odi. Ọjọ́ 29 ni ọdún Pétérù Mímọ́. Àwọn ará ìlú tan iná yí òrùlé ńlá ilé ìsìn rẹ̀ ká gẹ́gẹ́ bí àṣà, bí ẹni pé ọ̀tá kò sí ní ẹnu ọ̀nà. Òjò ńlá wá, iná kú, lóru ọjọ́ náà sì ni ìkọlù ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi idà àti ọ̀kọ̀ jà nínú òkùnkùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Villa Spada nìkan ni ó kù lọ́wọ́ wọn lórí òkè náà, ibẹ̀ sì ni Manara ti kú.

Aguiar kú ní ìsàlẹ̀ òkè, ní Trastevere, nínú àwọn òpópó tóóró tí ó wà nítòsí ilé ìsìn Santa Maria, níbi tí àwọn ọta àgbá Faransé ti ń já lé àwọn ilé tálákà. Ọta kan bú, àfọ́kù rẹ̀ sì bà á. Ó ti la ogun Uruguay já, ó la Velletri já, ó la ọjọ́ 3, oṣù kẹfà já. Ìjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí pátápátá nígbà tí ó kú, nítorí pé ní ọjọ́ náà gan-an ni ilé ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pe Garibaldi, tí ó lọ sọ fún wọn pé ìlú kò ṣeé gbà mọ́, tí wọ́n sì pinnu láti dáwọ́ ìjà dúró. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ni ó jìn. Láti Trastevere dé Montevideo, ọ̀nà náà jìn.

Ní ọjọ́ 2, oṣù keje, Garibaldi dúró ní gbangba iwájú ilé ìsìn Pétérù Mímọ́, ó sọ fún ogunlọ́gọ̀ pé òun kò ní owó tàbí ibùgbé láti fún ẹnikẹ́ni, ebi àti òùngbẹ àti ogun ni òun ní. Nǹkan bí ọkùnrin 4,000 ni ó tẹ̀ lé e jáde ní alẹ́ náà. Anita wà lára wọn. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹjọ, ó kú lọ́nà, ní oko kan lẹ́bàá Ravenna, pẹ̀lú oyún nínú. Ní ọjọ́ 3, oṣù keje, bí àwọn Faransé ti ń wọ ìlú, ilé ìgbìmọ̀ jáde sí òkè Capitol, wọ́n ka òfin ìpìlẹ̀ ìjọba olómìnira Róòmù sí etí àwọn ará ìlú, òfin tí kò mọ oyè ìdílé, tí ó pe gbogbo orílẹ̀-èdè ní arákùnrin, tí ó sì fagi lé ìjìyà ikú. Ìjọba tí ó ni òfin náà kò wà fún ọjọ́ kan sí i. Èyí ni ohun tí Aguiar kú fún: ìwé òfin tí wọ́n parí nígbà tí ilé tí wọ́n kọ ọ́ fún ti wó. Àwọn kan yóò ní asán ni. Ṣùgbọ́n òfin Montevideo pàápàá, inú ìjákulẹ̀ ni ó ti jáde, ó sì di òmìnira fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá.

Ní 1861, nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn aṣojú ìjọba Lincoln lọ bá Garibaldi kí ó wá bá wọn jà. Ohun méjì ni ó béèrè: kí gbogbo ọmọ ogun wà lábẹ́ òun, kí òun sì ní àṣẹ láti kéde òmìnira fún àwọn ẹrú. Wọn kò lè fún un ní èyíkéyìí nígbà náà. Ó dúró sí erékùṣù Caprera tí ó ń gbé. Ọkùnrin tí ó ti rí àwọn dúdú ọlọ́kọ̀ Rio Grande, tí Aguiar sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú ikú, ti mọ irú ogun tí ìlérí lásán ń bí. Ìgbà tí ó tó, ó bá Faransé fúnra rẹ̀ jà fún ìjọba olómìnira ní 1870 àti 1871, nígbà tí Jámánì wọ ilẹ̀ náà; ó gbàgbé ti Oudinot.

Róòmù wá di olú-ìlú Ítálì lẹ́yìn 1870, Ítálì fúnra rẹ̀ sì di ìjọba olómìnira ní 1946. Wọ́n fi ère àti òpópó rántí àwọn tí ó gbèjà odi ní 1849, òkè Janiculum sì kún fún orúkọ wọn. Ó di ọ̀rúndún kọkànlélógún kí ìlú Róòmù tó sọ àtẹ̀gùn òkúta kan ní gbangba ní orúkọ Andrea Aguyar. Àdúgbò Monteverde ni àtẹ̀gùn náà wà, láàrin àwọn òpópó tí ń jẹ́ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ jà, àwọn ènìyàn sì ń gùn ún, wọ́n ń sọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.